Ẹsẹ̀ Hilario Méjèèjì

Nígbà tí mò ń wí yìí, Hilario ọkọ mi ṣì wà láyé. Fidencia, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ káàkiri ilé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò. Canelo ajá wa wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Igi ápù ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà, wọn ò tíì gé e. Kùrukùru òkun náà nípọn ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ọmọ mi ní ojú àgbà ló ń tàn mí, pé kùrukùru kì í dín. Èmi mọ ohun tí mo rí. Láàárọ̀, á ti etí òkun wọ àfonífojì Pájaro bí agbo àgùntàn tó ń wọlé, á rọra tẹ́ ara rẹ̀ sórí oko sitirọ́bẹ́rì, títí ẹ ò fi ní rí ẹnì kankan mọ́, àfi ohùn. Bí ẹnì kan bá ń kọrin nínú rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá alààyè ni tàbí ẹni tó ti lọ.

Hilario ló ń darí omi sí oko. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn, òun àti ṣọ́bìrì, àti bàtà rọ́bà tó dé orókún. Ó mọ inú omi. Á dúró létí poro, á ní, "Eléyìí kò fẹ́ lọ sọ́hùn-ún, ó ń yan odì," á fi ṣọ́bìrì tú u nínú díẹ̀, omi á sì lọ.

Àtọ̀gbẹ wọ ara rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ojú tó ń ṣú, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ tí kì í mọ̀ bí òkúta bá wà nínú bàtà. Òkúta kékeré kan ló sì dá gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò mọ̀. Èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ nígbà tó bọ́ bàtà. Egbò jókòó sábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ó sì kọ̀, kò lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Fidencia ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ìka kan, wọ́n gé e dé ọrùn ẹsẹ̀, nígbà tó yá wọ́n gé e dé ìsàlẹ̀ orókún. Fidencia kì í sunkún rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń wo ibi tí ẹsẹ̀ kò sí, á ní, "Kí lo ń wá? Ó ti ṣáájú mi lọ. Ó lọ gbálẹ̀ dè mí."

Dókítà sọ fún Hilario pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Bí kò bá wálẹ̀, egbò yẹn kò ní jiná. Bí kò bá jiná, àwọn á tún jọ jókòó sọ̀rọ̀ ìka náà. Hilario dé fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Inú mọ́tò ló ti lanu.

"Arúgbó mi," ó ní, "ẹsẹ̀ méjì ni ìyá mi bí mọ́ mi. Méjì ni mo fẹ́ kó lọ."

"Ta ló dárúkọ ẹsẹ̀? Ìka ni ọkùnrin yẹn ń sọ."

"Kí ló kọ́kọ́ dárúkọ fún Fidencia?"

Kùrukùru ti bo gíláàsì mọ́tò, a jókòó síbẹ̀ bí ẹyin nínú owú.

Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Mo lè kọ orúkọ mi, Eduviges, bó tilẹ̀ gùn, mo sì mọ nọ́ńbà. Mo tún mọ àmì kan, lẹ́tà R tí x kékeré dúró tì lẹ́sẹ̀, bí ọmọ tó di ìró ìyá rẹ̀ mú. R ọlọ́mọ ni mo máa ń pè é. Ó wà lára ìgò oògùn, ó wà lókè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ibikíbi tí mo bá ti rí R ọlọ́mọ, mo mọ̀ pé oògùn wà níbẹ̀, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ìgò Hilario tó ti tán lọ́wọ́, mo ń lọ gba òmíràn. Kùrukùru pọ̀ débi pé ògiri ni mò ń fọwọ́ tọ̀. Nígbà tí mo dé àká àtijọ́ tí wọ́n ti ń di ápù sínú àpótí nígbà èwe wa, mo rí i pé ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, iná sì wà nínú rẹ̀. Pátákó funfun kan wà lára ògiri, orúkọ àwọn èèyàn kún ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, R ọlọ́mọ sì wà nídìí orúkọ púpọ̀ nínú wọn.

Mo ní, ọpẹ́ o, wọ́n ti gbé ilé oògùn súnmọ́ wa. Mo wọlé.

Àwọn èèyàn nà gbalaja sílẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin, apá wọn ṣí sílẹ̀, àyà wọn ń lọ sókè sódò bí ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde, ọwọ́ wọn funfun fún ẹfun. Mo wo ìgò ọwọ́ mi. Mo ní oògùn ibí yìí mà le.

Ọmọbìnrin kan dìde wá bá mi. Nereida lorúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn tó ń di ápù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Doña, ìyá wa. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Mo wá gba oògùn ọkọ mi ni," mo ní, mo sì na ìgò sí i. "Ẹ fún wa ní irú èyí. Ẹ má fún wa ní irú tàwọn tó wà nílẹ̀ yìí."

Ó wo ìgò, ó wo ibi tí mò ń wò lára pátákó. Ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Inú fẹ́ bí mi. Àmọ́ nígbà tó dìde, mo rí nǹkan. Kò fọwọ́ tilẹ̀, kò di nǹkan kan mú. Ó dìde bí èéfín ṣe ń dìde. Hilario mi, láti orí àga tó rẹlẹ̀, èmi ni mò ń fà á sókè.

"Ẹ má bínú, Doña," ó ní. "Àmì yẹn, ohun tó ń sọ níbí ni pé ẹni yìí ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Kò dín in, kò yí i padà. Bí dókítà ṣe ń kọ oògùn gẹ́lẹ́ ni."

"Oògùn wá dà?"

"Iṣẹ́ náà ni."

"Ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ tó."

"Kí ló ń ṣe é?"

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní iṣan ara ni ẹnu tó ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí iṣan bá ń sùn, ṣúgà á máa rìn kiri, á máa wá ohun tó máa bàjẹ́. Bí wọ́n bá jí i pẹ̀lú iṣẹ́ tó gbóná, á jẹun. Ó ní kì í ṣe pé kí Hilario sọ oògùn rẹ̀ nù o, kó máa lo oògùn rẹ̀, kó bi dókítà rẹ̀, kó wá.

Nígbà tí mo délé, Fidencia ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀?"

"Àpótí ni wọ́n ń pè é." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ilé eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn. Àwa àgbà rò pé nítorí àpótí ápù ni.

"Àpótí," Fidencia ní. "Hilario, ní ọjọ́ orí tìrẹ, àpótí kan ló kù tó ń retí ẹ, wọn kì í sì í fò nínú rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá ajá lóhùn, ẹ fi mí sílẹ̀." Hilario ń fi tọtíyà, àkàrà àgbàdo wa, nu ẹ̀wà nínú abọ́. "Gbogbo ayé mi ni mo fi gbé ẹrù fún ẹni tó ń sanwó. Ṣé n óò wá máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Ìwọ lo ní méjì lo fẹ́ kó lọ," ni mo wí.

Hilario wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a fi aṣọ di lábẹ́ tábìlì. Ó wo ti Fidencia tí kò sí.

Dókítà gbà, ó ní kó ṣáà má fi ẹsẹ̀ olójú egbò tẹlẹ̀ rárá, kó máa yẹ ṣúgà wò kó tó ṣe é àti lẹ́yìn rẹ̀, kó fi ohun dídùn díẹ̀ sápò. Nítorí náà, orí àga ni Hilario ti bẹ̀rẹ̀. Nereida gbé àga onígi kan sójú ògiri, ó fún un ní bọ́ọ̀lù wíwúwo kan, ó ní kó máa sọ ọ́ mọ́ ògiri kó máa gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, okùn, tí a so mọ́ táyà, kó jókòó kó máa fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kó sì máa gbé irin kékeré kọjá orí. Wọ́n á ṣe é yípo yípo láìsinmi. Kì í pẹ́ ju ìgbà tí ìkòkò ẹ̀wà máa fi tún hó lọ, àmọ́ nígbà tó bá parí, òógùn á ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúdú, kò ní lè sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ oko gùn, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á tẹ ènìyàn síbì kan náà látàárọ̀ dalẹ́. Èyí kúrú bí ìjà.

"Ọmọ yìí fẹ́ pa mí," ó sọ fún mi ní ọjọ́ kìíní.

"Ṣé ká má padà wá?"

Ó mí, ó mí. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Èmi á jókòó sórí korobá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ń yọ ẹ̀gún ara ewé ọrọ́ ìlú wa, irú èyí tó ṣe é jẹ, tí a máa sè. Kùrukùru á gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wọlé, á bo ẹsẹ̀ gbogbo wọn títí dé orókún. Láti ibi tí mo wà, kò sí ẹni tó ní ẹsẹ̀. Ara nìkan ló ń lọ sókè sódò nínú funfun, irin á kan ilẹ̀, ìró rẹ̀ á jìnnà bíi agogo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú mìíràn. Nígbà mìíràn mo máa ń sùn lọ. Tí mo bá jí, mi ò ní mọ̀ bóyá ọkọ mi ni ọkùnrin orí àga yẹn tàbí bàbá rẹ̀ tí a sin sí Michoacán, níbi tí a ti ṣí wá.

Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀. Ẹnì kan kì í kó irin rẹ̀ padà sáyè kí ẹni ìkẹyìn tó parí. Hilario ló ń gbẹ̀yìn nígbà gbogbo. Àwọn géńdé ọkùnrin tó ti ṣe tán á jókòó sáàárín ẹrù wọn, wọ́n á máa wò ó, wọ́n á máa pè é lórúkọ. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bí i nínú.

"Ẹ máa lọ sílé yín," á ní. "Òkú kọ́ ni ẹ ń ṣọ́."

"Don Hilario," Nereida á dáhùn, "ẹ parí tiyín. A ò ní ibi tí à ń lọ."

Egbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré bí oṣù tó ń lọ sí òkùnkùn. Ó pẹ́, mi ò purọ́. Ní ọjọ́ kan mo tú aṣọ rẹ̀, awọ tuntun ti bò ó, ó pọ́n, ó ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Mo pe Fidencia. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan kàn án.

"Ó jọ ẹsẹ̀," ó ní, ó sì yí kẹ̀kẹ́ padà kíá, ká má baà rí ojú rẹ̀.

Dókítà dín oògùn kan kù. Kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò, àtọ̀gbẹ kì í ṣe àlejò tó ń kó ẹrù lọ pátápátá. Àmọ́ ó dákẹ́. Hilario dìde kúrò lórí àga. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sílẹ̀ tí wọ́n sì ń dìde láìfọwọ́tilẹ̀. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó ń fi dá wa lára yá láàárín ilé ìdáná, á jókòó, á dìde, Canelo á máa gbó o.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó gbé ẹrù méjì lọ́wọ́ méjèèjì, kó rìn dé ìpẹ̀kun àká, kó padà.

"Kí ni wọ́n ń pe èyí?" ó bi Nereida.

"Ìrìn àgbẹ̀."

Ó dúró. "Wọ́n fi mí sọ orúkọ, wọn ò sì bi mí." Láti ọjọ́ náà kò gbé irin wọn mọ́ fún ìrìn yẹn. Korobá méjì tó ń lò lóko ló gbé wá láti ilé, ó pọn omi sí wọn, ó ní omi ni òun mọ̀, irin kì í gbọ́ èdè òun. Omi kò sì dànù nígbà tó ń rìn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Nereida kò fún un ní R ọlọ́mọ. Irin tirẹ̀ fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n kọ lọ, àpótí onígi tó ń gùn rẹlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, bí wọ́n bá sì kọ fífò, rírìn ló ń rìn. Orúkọ rẹ̀ á wà lára pátákó, ìdí rẹ̀ á ṣófo.

"Tòní ńkọ́?" á bi í, á fi aṣọ nu ojú.

"Ẹ ti dín in kù, Don Hilario."

"Díẹ̀ náà ni mo dín in. Kọ ọ́ síbẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

"Pátákó á mọ̀. Mi kì í purọ́ lójú pátákó."

"Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé báyìí ló ṣe le?"

"Ó le jù mí lọ."

Á rẹ́rìn-ín, á gbé korobá rẹ̀. Àmọ́ nínú mọ́tò, á ní, "Arúgbó mi, ìwọ tó mọ àmì yẹn, n óò gba ọ̀kan kí n tó kú." Èmi á ní kó wa mọ́tò.

Fidencia lọ nígbà òjò. Kó tó lọ, ó ní kí Hilario wá dìde nílẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Fidencia mi orí.

"Bó o bá ń bọ̀, kó méjèèjì wá," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ti gbálẹ̀ títí, kò sí ẹni tó máa pọnmi."

Wọ́n ní iṣẹ́ kan nínú Àpótí tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ti kú, panápaná kan. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, iṣẹ́ yẹn nìkan ni gbogbo wọn máa ṣe, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí orin. Ó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì, àmọ́ nígbà tí mo rò ó, ohun kan náà ni. Àwa ń gbé búrẹ́dì dídùn àti òdòdó kalẹ̀ fún àwọn òkú wa, àwọn ń gbé òógùn kalẹ̀ fún tiwọn.

Ọdún lọ lórí ọdún. Canelo lọ. Wọ́n gé igi ápù. Hilario ń gbẹ̀yìn lójoojúmọ́, wọ́n ń dúró dè é lójoojúmọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kùrukùru wá pẹ̀lú gbogbo agbo rẹ̀. Hilario jókòó sétí ibùsùn, ó ti wọ ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òní pọ̀ o," ó ní, ó ń wo ojú fèrèsé. Mo lọ gbé ògì gbígbóná wá fún un. Nígbà tí mo dé, ó ti fara ti ògiri, ìbọ̀sẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ ló dúró, wọ́n ní kò dùn ún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìka wọn pé. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìbọ̀sẹ̀ náà wọ̀ wọ́n, nítorí ilẹ̀ tutù.

Nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, ilé kún fún àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo rí korobá méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé wọn, mo sì tẹ̀lé ògiri lọ.

Nereida ti gbọ́. Ó ti pa pátákó rẹ́. Lókè, ó kọ orúkọ kan, mo sì mọ̀ ọ́n láti ara H tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀ sókè fún gbogbo wa: kí wọ́n jókòó sílẹ̀ kí wọ́n dìde, kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri láti orí àga, kí wọ́n gun àpótí tó rẹlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹrù dé ìpẹ̀kun kí wọ́n padà.

"Bó ṣe ń ṣe é ni mo kọ ọ́," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kún un."

Àwọn géńdé tó ń gbé irin ńlá fi irin sílẹ̀, wọ́n lọ ń wá àga. Èmi bọ́ ṣáálì dúdú mi, mo gbé e lé orí korobá tí mo máa ń jókòó lé. Mo jókòó sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan tilẹ̀ dìde, àwọn yòókù wojú mi, mo tún jókòó. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo dìde láìfọwọ́tilẹ̀, orókún mi ń ké.

Nígbà tó kan kí n gbé korobá méjèèjì, gbogbo wọn ti parí. Kò sí ẹni tó kó àga rẹ̀. Wọ́n jókòó sáàárín ẹrù wọn nínú kùrukùru, mi ò rí ẹsẹ̀ wọn, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Mo pọn omi síbi tí Hilario máa ń pọn ọ́n dé. Mo rìn. Ní ìpẹ̀kun àká, níbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí sójú òkun, ẹrù náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́tùn-ún, bí ìgbà tí ẹlòmíràn bá bá ènìyàn di apá kan mú. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́. Mo yí padà. Omi kò dànù.

Nereida kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi R ọlọ́mọ sídìí gbogbo wọn. Ó kọ tèmi, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e dé etí pátákó. Lẹ́yìn náà ó gun àga, ó na ọwọ́ sókè, ó fi àmì náà sídìí orúkọ tó wà lókè pátápátá.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló ṣe é," ó ní. "Kò sí irọ́ níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn. Èmi gbé korobá méjèèjì, tomi-tomi, mo gbé wọn kalẹ̀ síta ilẹ̀kùn ńlá, mo dojú wọn kọ ibi tí kùrukùru ń padà sí. Fidencia ti dúró de omi pẹ́.